Wọ́n ní kí n mú ọkọ wá kí n tó fètò sọ́mọ bíbí. Òfin wo ló sọ bẹ́ẹ̀?

Aránṣọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìdá sí i, ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ òfin bá mi là á yé.

Ẹni ọdún 37 ni mí, aṣọ ni mò ń rán, ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ. Àbígbẹ̀yìn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi lọ. Nígbà tí oyún rẹ̀ wọ oṣù kẹjọ, ẹ̀jẹ̀ mi ru kọjá bó ṣe yẹ, gìrì gbé mi lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láìmọ ibi tí mo wà. Páìǹtì ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fà sí mi lára. Nígbà tí mo lajú, dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà fa àga jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èyí kẹ́yìn." Kó tó sọ ọ́ ni èmi náà ti sọ ọ́ fún ara mi.

Ọmọ náà pé oṣù mẹ́wàá, mo gba ilé ìwòsàn lọ pé kí wọ́n bá mi so túbù tí ẹyin ń gbà, kí n má baà lóyún mọ́. Sísítà tó wà níbẹ̀ ò fojú pa mí rẹ́ o, ó yẹ́ mi sí. Ó béèrè iye ọmọ, ó béèrè ìgbà tí mo rí nǹkan oṣù mi gbẹ̀yìn, ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi. Ó wá yọ fọ́ọ̀mù kan nínú dúrọ́ọ̀. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni, wọ́n ti ṣe fọ́tòkọ́pì fọ́tòkọ́pì rẹ̀ títí tí ìlà inú rẹ̀ fi wọ́. Orúkọ lókè, ọjọ́ orí, iye ọmọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, ìlà méjì: ìbuwọ́lù aláìsàn, ìbuwọ́lù ọkọ. Sísítà fi bírò pupa sàmì sí ìlà kejì, ó ní, "Èyí gan-an ló ṣe pàtàkì o."

(Aláìsàn! Ara mi le koko bí ota lọ́jọ́ náà.)

Kí ẹ má rò pé ẹjọ́ ọkọ mi ni mo wá rò síbí, ọkọ mi ò kọ̀. Ọkọ̀ ẹrù ló ń wà lọ sí òkè ọya. Bó bá wálé lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ìdájí ọjọ́ Ajé ló ń jáde, wọn kì í sì í ṣe irú nǹkan yìí lópin ọ̀sẹ̀. Mo pè é lórí fóònù níwájú sísítà, mo jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní òun gbà, kí wọ́n ṣe ohun tó bá dáa fún ìyàwó òun. Sísítà ní fóònù kì í buwọ́ lùwé. Mo gbà fún un. Ó wá sọ èyí tó gbé mi gbìn: "Ṣé kò sí ọkùnrin kankan nínú ẹbí tó lè bá yín fọwọ́ sí i? Bí àbúrò yín ọkùnrin?"

Mo ní àbúrò ọkùnrin kan, ẹni ọdún 23. Ẹ̀yìn mi yìí ló sùn sí nígbà tó wà ní ọmọ ọwọ́. Èmi ni mo rán aṣọ ilé ìwé rẹ̀ láti pírámárì títí ó fi jáde. Bí mo bá pè é, yóò wá, yóò sì buwọ́ lù ú láìka ohun tó wà níbẹ̀, nítorí ohun tí mo bá ní kó ṣe ló ń ṣe. Èmi tí mo ń pàṣẹ fún un, òun ni yóò wá fún mi láṣẹ lórí ilé ọmọ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ sísítà, mo ká fọ́ọ̀mù sí àpò, mo gba ilé lọ.

Kí n tó jáde, mo bi í pé ta ló ṣe òfin yìí. Ó ní, "Òfin ìjọba ni, Màmá."

Ìbéèrè mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ìjọba wo? Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí?

Ọ̀rẹ́ Òtítọ́:

Ẹ kú ewu ọmọ, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi, kí ẹ má bínú. Ẹni méjì ló ń fẹ́ra. Bí ọkùnrin bá délé tó bá a pé wọ́n ti dí ọ̀nà ọmọ ìyàwó òun pa láìgbọ́ sí i, ta ni yóò mú? Àwọn nọ́ọ̀sì náà ń fi ìlà yẹn gba ara wọn là ni. Yàtọ̀ síyẹn, oyún ṣíṣẹ́ ń múni lọ sẹ́wọ̀n nílẹ̀ yìí, gbogbo ọ̀rọ̀ dídènà ọmọ yìí ló sì jọra wọn. Kí ọkọ yín tọrọ ọjọ́ kan péré lẹ́nu iṣẹ́, kó wá buwọ́ lù ú, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Aránṣọ:

Ẹ ṣeun, sà. Ó ti tọrọ ọjọ́ kan yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń yanṣẹ́ lódì, gééètì la bá ní títì. Lẹ́ẹ̀kejì, ọkọ̀ yọnu sójú ọ̀nà, ó sun ibẹ̀ mọ́jú.

Lọ́yà Kékeré:

Ẹ kú ewu, Ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn kí n tó máa ro àròyé: kò sí òfin kankan tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wa ṣe tó ní kí obìnrin tó ti tójúúbọ́ gba ìbuwọ́lù ọkọ kó tó fètò sọ́mọ bíbí. Ẹni tó bá ní ó wà, kó ṣí ìwé náà síbi tó wà, kó fọwọ́ lé e.

Ohun tó wà nílẹ̀ ni Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní 2014. Abala 23 rẹ̀ ní kí olùtọ́jú ṣàlàyé fún ẹni tó wá gba ìtọ́jú bí ara rẹ̀ ti rí, oríṣi ìtọ́jú tó wà, àǹfààní wọn, ewu wọn, ìnáwó wọn, àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní òun ò ṣe. Wọ́n tilẹ̀ ní kí àlàyé náà wà ní èdè tó gbọ́, kó sì bá ìwọ̀n ìwé tó kà mu. Ẹni tó wá gba ìtọ́jú ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ láti òkè délẹ̀, wọn ò dárúkọ ọkọ. Abala 26 ní àṣírí ìlera ẹni ò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹni náà fọwọ́ sí i, àfi níbi díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bíi kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín pe ọkọ yín, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ká ní sísítà ló gbé fóònù tó pè é láìbéèrè lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ẹjọ́ kan wà tí àwa lọ́yà ń pè ní ẹjọ́ Okonkwo. Dókítà ni Okonkwo. Aláìsàn rẹ̀ kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára, dókítà náà ò fipá mú un, obìnrin náà sì kú. Ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí ní kó lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́fà. Ẹjọ́ náà rìn títí ó fi dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, ní 2001 wọ́n ní dókítà ò jẹ̀bi, pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ló ni ara rẹ̀. Mi ò fẹ́ tàn yín: ẹjọ́ ẹni tó ní òun ò gba ìtọ́jú ni, kì í ṣe ti ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é fún òun. Kò sọ pé dandan ni kí dókítà so túbù fún yín lọ́la. Ohun tó sọ ni pé ẹnu ẹni tó ni ara la ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara.

Ẹ tún wo èyí. Abala 29 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, níbi tó ti ń sọ ti ẹni tó fẹ́ kọ jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà sílẹ̀, ní obìnrin yòówù tó bá ti wọlé ọkọ ti di àgbà. Àwọn sẹ́nétọ̀ gbìyànjú láti yọ gbólóhùn yẹn ní 2013, kò bọ́ sí i. Ìgbéyàwó ló sọ ọmọdébìnrin di àgbà nínú ìwé òfin, ìgbéyàwó kan náà ló sọ ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin di ọmọdé ní kílíníìkì.

Ọ̀rẹ́ Òtítọ́, ẹ má da ewé pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́, sà. Lóòótọ́ ni Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù, ka oyún ṣíṣẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀: abala 228 ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tó bá bá obìnrin ṣẹ́ ẹ, 229 ní ọdún 7 fún obìnrin náà, 230 ní ọdún 3 fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pèsè ohun tí wọ́n lò. Abala 297 yọ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n bá ṣe láti dá ẹ̀mí ìyá sí sílẹ̀. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkó kọ ìlànà jáde ní 2022 láti fi ṣàlàyé fún àwọn dókítà ibi tí òfin ti gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láyè, ariwo pọ̀ débi pé oṣù tó tẹ̀ lé e ni gómìnà ní kí wọ́n dá a dúró ná. Ohun tí gbogbo ìyẹn dá lé lórí ni oyún tó ti wà nínú. Abẹ́rẹ́, lúùpù (ohun kékeré tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ), ti apá (ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá), túbù síso, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú àwọn ìwé yẹn. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń kó wọn wá sí kílíníìkì.

Aránṣọ:

Lọ́yà, ẹ ṣeun gan-an. Bí kò bá sí òfin, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, kí ló dé tí ẹ ò pe ìjọba lẹ́jọ́ kí wọ́n fagi lé e?

Lọ́yà Kékeré:

Ìyá wa, ibẹ̀ gan-an ló ti le. Ẹ wo Brazil. Òfin ibẹ̀ ti 1996 kọ ọ́ gbangba pé kí tọkọtaya tó so túbù, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nítorí pé ó wà lójú ìwé, àwọn obìnrin rí ohun tí wọ́n dì mú. Wọ́n pariwo, wọ́n tọ ilé aṣòfin lọ, wọ́n sì pa á rẹ́ nínú òfin mìíràn ní 2022. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Missouri kọ tirẹ̀ sínú òfin pé ọkọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí oyún ṣíṣẹ́, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jùlọ wọ́gi lé e ní 1976. Lọ́dọ̀ tiwa, kí ni ká ní kí wọ́n wọ́gi lé? Kò sí nínú òfin. Inú dúrọ́ọ̀ sísítà ló wà. Ẹ ò lè bẹ aṣòfin pé kó yọ ohun tí kò fi síbẹ̀.

A ní àdéhùn tó dára lọ́wọ́. Ti Maputo lórí ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin, tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ní 2003, Nàìjíríà sì wọ inú rẹ̀ ní 2004: abala 14 rẹ̀ ní obìnrin ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pinnu bóyá yóò bímọ, iye tí yóò bí, àlàfo àárín wọn, àti ọ̀nà tó wù ú láti fi fètò sí i. Ṣùgbọ́n abala 12 ìwé òfin wa ní àdéhùn òkèèrè ò lágbára òfin níbí títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin yóò fi sọ ọ́ di òfin ilé, wọn ò sì tí ì ṣe ti Maputo. A buwọ́ lù ú, a fi há ògiri.

Ohun tó ṣeé ṣe ni kí ẹ padà lọ, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi dá yín padà sórí ìwé, kí wọ́n buwọ́ lù ú. Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn kan wà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018, àjọ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, lẹ lè fẹjọ́ sùn. Nígbà púpọ̀, bí ẹ bá ti ní kí wọ́n kọ ọ́, ohùn á yí padà.

Agbẹ̀bí Àtijọ́:

Ọmọ mi Aránṣọ, o kú ewu. Ọdún 33 ni mo fi gba ẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì. Òtítọ́ ni lọ́yà sọ, ṣùgbọ́n lọ́yà ò dúró sẹ́yìn tábìlì wa rí. Mo fẹ́ sọ ibi tí ìlà kejì yẹn ti wá, ó kéré tán níbi tí èmi ti ṣiṣẹ́, torí ó ṣojú mi.

Ní 1988, ìjọba Babangida gbé ètò iye ènìyàn jáde, wọ́n ní kí ọmọ obìnrin kọ̀ọ̀kan mọ sí mẹ́rin. Obìnrin kọ̀ọ̀kan o. Ọkùnrin tó ní ìyàwó mẹ́ta lè bí méjìlá, kò rú nǹkan kan. Àwọn ọkùnrin gbọ́ ọ bí ẹni pé ìjọba fẹ́ wọ yàrá wọn, àwa tá a wọṣọ funfun ni wọ́n sì rí gẹ́gẹ́ bí ìjọba. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan já wọlé bá wa, ìyàwó rẹ̀ ń sunkún bọ̀ lẹ́yìn. Ó fọwọ́ gbá àwo irinṣẹ́ dànù, ó ní kí n yọ lúùpù tí mo fi sí ìyàwó òun lójú òun báyìí-báyìí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń yọ ọ́. Obìnrin náà ò wo ojú mi, òrùlé ló ń wò.

Àwọn ọ̀gá wa ò gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tẹ̀wé ni wọ́n gbà lọ, wọ́n ní kó fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù. Òfin ìjọba tí sísítà rẹ ń sọ nìyẹn. Ẹni tó débẹ̀ lẹ́yìn wa bá a lórí ìwé, ó rò pé Àbújá ló ti wá.

Ṣé ó sì gbà wá là bí Ọ̀rẹ́ Òtítọ́ ṣe wí? Ọlọ́kadà kan wà tó máa ń dúró lẹ́nu gééètì wa. Mo kàn ń tú fáìlì lọ́jọ́ kan ni, mo rí i pé ó ti jẹ́ ọkọ obìnrin mẹ́ta nínú oṣù kan. Ìbuwọ́lù kan náà, pẹ̀lú ìrù tó ń fà sí apá ọ̀tún bíi ti ẹja. Mo pa fáìlì náà dé. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin tó kù á padà sílé lọ́wọ́ òfo, èmi náà sì ti ní ìwé tí mo lè nà sí ẹni tó bá wá jà. Irọ́ ni gbogbo wa jọ ń pa, a sì ń fi sí fáìlì.

Ti ẹni tí n kò lè gbàgbé ni mo fẹ́ sọ. Ọlọ́mọ méje ni, ó wá fún lúùpù, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó ti di owó mọ́ etí gèlè. Mo ní kó lọ mú ọkọ rẹ̀ wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá lè mú un wá, ṣé mo máa wá?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, mò ń pe orúkọ àwọn aláboyún lórí bẹ́ǹṣì, orúkọ rẹ̀ ló kàn. Ó dìde, ó gba káàdì rẹ̀ lọ́wọ́ mi, kò kí mi. Obìnrin Yorùbá, ní àárọ̀ kùtù, kò kí mi. Ó bí ọmọ náà láyọ̀ o, kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó sọ sí mi lọ́jọ́ náà.

Ìwádìí tí ìjọba ṣe ní 2018 ní nínú 100 obìnrin tó wà nílé ọkọ, 12 péré ló ń lo ọ̀nà ìgbàlódé. Bí àwọn ènìyàn bá ka irú rẹ̀, wọ́n á ní àwọn obìnrin ò lajú ni. Ẹ wá bi mí léèrè iye tí mo dá padà.

Ọ̀rọ̀ ara rẹ wàyí, torí òfin á máa falẹ̀ bọ̀, ṣùgbọ́n oyún kì í dúró de òfin. Ìwọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ ti ru rí débi gìrì, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ọ ní oògùn oníhóró tó ní èròjà họ́mónù méjì nínú, èyí tí wọ́n ń gbé mì lójoojúmọ́, torí ó lè tì í sókè. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta náà, tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ga gan-an, a máa ń yàgò fún un. Lúùpù oníbàbà (copper) ò ní èròjà họ́mónù kankan, ó sì ń lò tó ọdún mẹ́wàá. Àléébù rẹ̀ ni pé nǹkan oṣù lè pọ̀ sí i, kí inú sì máa run ọ́ ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Ti apá náà dára, ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún, bó bá ṣe jẹ́. Méjèèjì ló ṣeé yọ. Túbù síso ní tirẹ̀, kà á sí ohun tí kò ṣeé yí padà, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń fà sẹ́yìn, kì í ṣe torí ọkọ nìkan. Gba ọ̀kan nínú àwọn tó ṣeé yọ lónìí, kí o máa fi jà lórí túbù. Bí o bá lọ, béèrè dókítà, má jẹ́ kó mọ sọ́dọ̀ sísítà.

Kí n má parọ́, inú mi máa ń dùn bí tọkọtaya bá jọ wá. Mo fẹ́ràn kí ọkọ jókòó, kí n fi lúùpù sí i lọ́wọ́ kó rí bó ṣe kéré tó. Kó wá gbọ́ yàtọ̀ sí kó wá fọwọ́ sí i.

Ọ̀rẹ́ Òtítọ́:

Màmá Agbẹ̀bí, mo gbọ́. Ti ọlọ́kadà yẹn mú mi rẹ́rìn-ín, kò sì yẹ kó mú mi rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, èmi ò ní fẹ́ kí ìyàwó mi ṣe é láìsọ fún mi.

Agbẹ̀bí Àtijọ́:

Kó sọ fún ọ, ọmọ mi. Ìwọ ni kó sọ fún, nínú ilé yín. Sísítà ò sí lára yín.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi kì í sọ èyí fún ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ orúkọ mi níbí.

Èmi ni mo lọ ṣe tèmi. Ìyàwó mi ti gbìyànjú abẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò dá lára rẹ̀. Ó gbìyànjú ti apá, orí fífọ́ ò jẹ́ kó sùn. Mo ní ó tó. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ kí n má baà gbọ́ ìrora, wọ́n gé ọ̀nà tí àtọ̀ ń gbà, wọ́n dí i, mo sì wọkọ̀ padà sílé lọ́jọ́ náà. Ìṣẹ́jú tí mo lò lórí tábìlì ò tó èyí tí mo fi dúró de káàdì. Ọkùnrin mi ṣì wà bó ṣe wà, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi lo rọ́bà, lẹ́yìn náà ni wọ́n yẹ àtọ̀ mi wò kí wọ́n tó ní ó ti mọ́.

Ìdí tí mo fi dá sí i ni pé kò sí ẹni tó ní kí n mú ìyàwó mi wá buwọ́ lùwé. Ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ tèmi, ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni bóyá orí mi pé. Àwọn nọ́ọ̀sì ń rọra wá yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni wá wo ẹranko tí kò sí ní àdúgbò. Ìyáàfin Aránṣọ, ẹ fi èyí han ọkọ yín. Ti ọkùnrin rọrùn ju ti obìnrin lọ, kò sì sí fífi ọ̀bẹ ṣí inú.

Lọ́yà Kékeré:

Bàbá, ẹ ṣeun. Abala 42 ìwé òfin ní a ò gbọdọ̀ fi jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ya ènìyàn sọ́tọ̀. Mo ti ń wá àpẹẹrẹ tí mo lè fi ṣàlàyé rẹ̀ tipẹ́.

Aránṣọ:

Mo padà lọ lánàá. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Sísítà kan náà ni mo bá. Mo ní mo ti ka òfin ìlera ti 2014, pé mi ò rí ibi tí wọ́n kọ ọkọ sí, kó jọ̀ọ́ fi hàn mí. Ó wò mí, ó wo fọ́ọ̀mù, ó ní kí n jókòó. Ó wọlé lọ. Mátírọ̀nù jáde wá, obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀, ó ní ta ló kọ́ mi. Mo ní àwọn ará mi ni. Mo ní bí ẹ bá fẹ́ dá mi padà, kò burú, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdí rèé, kí ẹ buwọ́ lù ú. Ó dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí o, ẹ má rò pé mo gbójú, àtẹ́lẹwọ́ mi tutù.

Ó ní ti túbù, kì í ṣe òun ló ń ṣe é, dókítà ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, kí n wá bá a sọ ọ́ lójúkojú. N kò mọ ohun tí dókítà máa wí. Mo ní kí wọ́n fi lúùpù sí mi ná, gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe wí. Mátírọ̀nù ní ó dáa. Inú mi run mí díẹ̀, bíi ti nǹkan oṣù. Fọ́ọ̀mù kan náà ni sísítà yọ. Mo buwọ́ lu ìlà àkọ́kọ́. Mo ń wo bírò pupa tó wà nínú àpò aṣọ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó kọ ọjọ́ sí i, ó fi sí fáìlì, ìlà kejì wà lófìfo.

Ọkọ mi pè mí lálẹ́, mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta fún un látòkè délẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, mo ń gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá dákẹ́. Ó ní, "Oṣù mẹ́ta gbáko?" Mo ní oṣù mẹ́ta ni. Ó ní òun á rò ó, pé òun fẹ́ já gíà, kí n jẹ́ kóun gbájú mọ́ ọ̀nà.